Ẹni Tó Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Awakọ̀

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ gbóná. Ohun àkọ́kọ́ tí Veronica ṣàkíyèsí nìyẹn, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìrì òwúrọ̀ ṣì wà lórí gíláàsì ọkọ̀ náà. Irin ara rẹ̀ tutù, ọwọ́ ìdarí tutù, ìjókòó ẹ̀yìn náà tutù. Ṣùgbọ́n nígbà tó nàgà láti ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ara rẹ̀ lórí ìjókòó yẹn, ó gbóná bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì wo Gbọ́lá, ọkùnrin tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún un. Gbọ́lá ń wo ibòmíràn.

"Ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síbí ni?"

"Rárá o, Mà. Ọkọ̀ yìí ò tíì kúrò lójú kan láti àná."

Ká ní ẹlòmíràn ni, ibẹ̀ ni ì bá ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi owó tí kò tó nǹkan wá ọkọ̀ kiri ìlú Ọ̀wọ̀ bí ti Veronica, kì í tètè sá. Ó ti rí èyí tí èéfín aró ń ti ìdí rẹ̀ jáde. Ó ti rí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun bo ojú ọgbẹ́ ìjàǹbá. Ó ti rí èyí tí ẹni tó ń tà á fi orúkọ Ọlọ́run búra lé lórí pé kò lábùkù, tí bírèkì rẹ̀ sì kọ̀ láti mú kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Akọ̀wé lásán ni ní ìjọba ìbílẹ̀, owó tó yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ibi iṣẹ́ kò sì lè ra tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi bọ̀. Ohun tó ń wá kò ju ọkọ̀ tí kò ní dá a dúró sójú ọ̀nà Ìdógùn lọ.

Nítorí Ìdógùn ni ìyá rẹ̀ wà. Abigail ni orúkọ ìyá náà, àìsàn kíndìnrín ló sì ń bá a jà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ọsibítù ní Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Veronica ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ìyá ní òun ò ní fi ilé ọkọ òun sílẹ̀ fún aláǹgbá. Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀, wọ́n á há a mọ́ra bí iṣu inú àpò. Lọ́jọ́ tí kò rí ọkọ̀ tó wọ ọ̀kadà, ó já bọ́, orúnkún rẹ̀ kò sì bọ̀ sípò mọ́. Veronica kò ní ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bímọ. Ìyá yìí nìkan ló ní láyé, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ìyá náà bá pa ọsibítù jẹ, ó ṣeé ṣe kó má rí ọjọ́ mìíràn.

Mùnírù ló bá a yẹ ọkọ̀ náà wò, mẹkáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí láàárín ìgboro. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó fi ìka ra ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó di aṣọ funfun mọ́ ẹnu sálẹ́ńsà, ó wo àwọ̀ tí èéfín fi sí i. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù kékeré kan irin ìsàlẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí èyí bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tíì rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún ni. Sípíríǹgì ni, mà á bá yín pààrọ̀ ẹ̀."

Veronica bi Gbọ́lá pé kí ló dé tó fi ń ta ọkọ̀ tó dára báyìí ní ọ̀pọ̀. Gbọ́lá ní bàbá òun kú, ìnáwó pọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, Veronica sì káàánú rẹ̀. Ó sanwó, ó gba ìwé ọkọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Mímọ́.

Mùnírù pààrọ̀ sípíríǹgì apá ọ̀tún lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ náà ṣì tẹ̀. Ó wò ó títí, ó họ orí, ó ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é wá láti ìlú òyìnbó.

Ohun tó tẹ̀lé e ni agogo bẹ́líìtì. Bí Veronica bá ti ṣí ọkọ̀, tó jẹ́ òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, agogo kékeré tó ń kìlọ̀ fún ẹni tí kò de bẹ́líìtì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, iná pupa á sì tàn sí apá ìjókòó tó ṣófo. Mùnírù ní wáyà ni, kó de bẹ́líìtì náà mọ́ ìjókòó òfìfo kí agogo lè pa ẹnu mọ́. Veronica ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, obìnrin tó ń de bẹ́líìtì fún afẹ́fẹ́. Nígbà tó jí lówùúrọ̀ tó lọ síbi ọkọ̀, bẹ́líìtì náà ti tú. Ó dè é. Ó tún tú. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ látàná.

Òórùn kan tún wà níbẹ̀. Ó fọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́, òórùn náà kò lọ. Áṣáà ni, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń fi sábẹ́ ètè, ó sì máa ń le jù nígbà tí ọkọ̀ bá dé oríta tí ọ̀nà Ìfọ̀n ti yà. Níbẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ náà máa ń lọ́ra. Kì í kú, kì í gbọ̀n, á kàn máa fà bí ìgbà tí ẹnì kan ń wo ojú ọ̀nà bóyá ibẹ̀ ni kí wọ́n yà sí. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Veronica. Ó gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fáda wọ́n omi mímọ́ sí i, ó fi rósárì kọ́ sí iwájú. Kí ló kù tó tún lè ṣe? Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń dé ọsibítù lásìkò, ara rẹ̀ ń yá, ẹ̀rín ti padà sẹ́nu rẹ̀. Veronica pinnu pé òun á fara da òórùn áṣáà.

Iwájú ni ìyá máa ń jókòó, nítorí ẹ̀yìn há fún orúnkún rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó fẹ́ràn ibẹ̀. Ó ní ìjókòó náà máa ń gbóná, ó dára fún ìdí àgbà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

"Veronica," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́jọ́ kan, "ẹnì kan ń mí sí mi létí."

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá."

"Afẹ́fẹ́ kì í sinmi kó tó tún mí."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá náà kò ráhùn mọ́, ìyẹn gan-an ló sì já Veronica láyà. Ó jókòó tààrà sáàárín ìjókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Ibikíbi tí wọ́n bá ti dúró, ó ń béèrè pé, "Ṣé a ti délé?" Wọ́n dúró níbi epo, ó béèrè. Ẹran kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n dúró, ó béèrè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé ọsibítù, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó tọrọ áṣáà. Obìnrin yìí kò fẹnu kan áṣáà rí. Ohùn tó fi tọrọ rẹ̀ wúwo, èdè Òkèlúsè, ìlú kan lójú ọ̀nà Ìfọ̀n, ló sì fi sọ ọ́, èdè tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé wọn.

Veronica fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ó lọ gbé Mùnírù, àwọn méjèèjì sì lọ bá Gbọ́lá. Ó bá a níwájú ilé rẹ̀. Kò kí i.

"Gbọ́lá, ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

Gbọ́lá jókòó sórí pèpéle. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá mi ni."

Ó wá sọ ọ́. Ọsibítù ní Ọ̀wọ̀ ni bàbá rẹ̀ kú sí. Ambrose ni orúkọ bàbá náà, òun ló sì ni ọkọ̀ yìí. Owó ọkọ̀ tó máa gbé òkú dé Òkèlúsè, ìlú wọn, ga jù fún Gbọ́lá, ó sì ń bẹ̀rù àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà pé bí wọ́n bá bá òkú lọ́wọ́ òun láìsí ìwé, wọn ò ní fi òun sílẹ̀. Ló bá wọ bàbá rẹ̀ ní agbádá, ó dé e ní fìlà, ó gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì de bẹ́líìtì fún un.

Gbogbo wọn níbẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé òkú rìn lágbègbè wa. Ẹni tó bá ń gbé e gbọ́dọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá dé odò, á sọ fún un pé odò rèé, a ń kọjá. Bí wọ́n bá dé oríta, á sọ ibi tí wọ́n yà sí. Bí wọ́n bá sì délé, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á ní kó sọ̀kalẹ̀. Gbọ́lá kò lè ṣe é. Ta ló máa ń sọ orúkọ odò fún ẹni tó ń sùn, kí ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu fèrèsé má fura? Ó tan rédíò. Níbi gbogbo tí wọ́n ti dá a dúró, ó sọ pé, "Bàbá mi ń sùn ni." Lẹ́yìn náà, nítorí ẹ̀rù ń bà á, tí orí bàbá sì ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó rọra sọ fún òkú náà pé, "Ẹ máa sùn, Bàbá. A ò tíì délé."

"Nígbà tí mo dé Òkèlúsè, igbe ni gbogbo ilé ń ké. Wọ́n gbé e wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é."

"O mọ̀, o sì tà á fún mi." Veronica na ìka sí i. "Ìyá mi ló ń jókòó síbẹ̀."

Gbọ́lá dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Veronica kò sọ fún un pé kó dìde.

Gbọ́lá pe àbúrò bàbá rẹ̀ lórí fóònù, Christopher, ẹni tó ń bójú tó ilé náà ní Òkèlúsè. Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun tún sun ìta. Ìyá ti parí ní ọsibítù nígbà yẹn. Ọ̀nà Ìdógùn àti ọ̀nà Òkèlúsè kì í ṣe apá kan náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kọ́kọ́ gbé e lọ sílé. Wọ́n mú un dání. Iwájú ló tún jókòó sí, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gba ẹ̀yìn, Gbọ́lá àti Mùnírù sì wà lẹ́yìn.  Nígbà tí wọ́n yà sí ọ̀nà Ìfọ̀n, ọkọ̀ náà kò lọ́ra rárá. Ó ń sáré ju bí Veronica ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ.

Christopher dúró dè wọ́n níwájú ilé, pẹ̀lú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wọ aṣọ dúdú. Oòrùn ṣì mú. Ó ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀, kí ó má ku ẹyọ ẹnì kan nínú ọkọ̀. Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, ó ku ìyá.

Àárẹ̀ ọsibítù ti mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nísinsìnyí, ohùn ara rẹ̀ ló sì fi sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, orúnkún mi ò gbà mí mọ́. Ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe."

Christopher tún bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà dàgbà ju gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Ta ni yóò pàṣẹ fún un? Ta ni yóò fà á lọ́wọ́ bí ọmọdé? Wọ́n wo ara wọn. Veronica fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n." Christopher ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ̀, ó sì gbà. Ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà kò jẹ́ kó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀. Kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi Ambrose, ọmọ bàbá mi. Òkèlúsè rèé. Ilé yín rèé, ìyàwó yín ló dúró yìí. Ìrìn ti tán. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Atẹ́gùn dúró. Bẹ́líìtì tú, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe dún pá. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìyá Veronica, èyí tó wú, èyí tí orúnkún rẹ̀ kò ká dáadáa láti ọjọ́ ọ̀kadà. Ó fi ẹsẹ̀ náà dúró láìsí ọ̀pá. Ó na ara, ó gbọn aṣọ rẹ̀ bí ọkùnrin ṣe ń gbọn agbádá, ó sì kọjá lára ọmọ rẹ̀ láìwò ó.

"Ìyá," ni Veronica wí.

Kò yíjú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ibi tí àlejò kò lè mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà. Nígbà tí wọ́n sáré dé pálọ̀, ó ti jókòó sínú àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí láti ọjọ́ ìsìnkú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ń fi èdè Òkèlúsè béèrè lọ́wọ́ opó náà pé ta ló gbé àpótí áṣáà òun kúrò lórí fèrèsé. Opó náà fi ìborùn bo ẹnu. Ó ti mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Veronica dì í mú léjìká, ó mì í, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe Abigail, ó ń pe gbogbo orúkọ tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú tó wò ó jẹ́ ojú ọkùnrin tí àlejò ń yọ lẹ́nu. Mùnírù àti Gbọ́lá gbìyànjú láti gbé e padà sínú ọkọ̀, apá wọn kò ká obìnrin tí kò wúwo ju àpò gààrí lọ. "Mo ti jókòó nínú nǹkan yẹn tó," ló wí. "Ilé mi nìyí."

Ìgbà náà ni Christopher fa Veronica síta. Òógùn bo ojú rẹ̀.

"Ara kan ló wà lórí ìjókòó yẹn, ẹ̀mí méjì ló wà níbẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo pè, ẹni tí mo pè ló dìde, ara tó bá níbẹ̀ ló gbé wọ̀ jáde. Ìyá yín ò sọ̀kalẹ̀."

Veronica wo ọkọ̀ náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó tẹ̀ sápá ọ̀tún.

"Ẹ bá mi pè wọ́n jáde."

"Bí mo bá pè wọ́n sọ̀kalẹ̀ níbí, ibí ló máa di ilé wọn. Ẹ gbé wọn lọ sí Ìdógùn. Ẹ̀yin nìkan ni ọmọ wọn, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má fo odò kankan, ẹ má fo oríta kankan. A ó máa ṣọ́ ara wọn níbí títí ẹ ó fi dé."

"Tí mo bá ti pè wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Ìdógùn ńkọ́? Báwo ni ara wọn ṣe máa dé bá wọn?"

Christopher wo ilẹ̀. Ó yà kúrò lọ́nà fún un.

Veronica ti ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó rọra ṣe é, ó sì wọlé sẹ́yìn ọwọ́ ìdarí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. "Ìyá, èmi Veronica ni. A ń kúrò ní Òkèlúsè. Ìdógùn là ń lọ." Ó sọ oko tí wọ́n ń kọjá, ó sọ ọ̀nà tí wọ́n yà sí. Omijé ń dí i lójú, kò sì gbójú sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé ohun tó fẹ́ràn jù láyé ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á dé egungun.

Afárá fojú hàn níwájú, odò sì ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu nígbà tí ohùn ìyá rẹ̀ jáde láti orí ìjókòó òfìfo, ohùn rẹ̀ gan-an, tó ń dẹ̀ bí ti ẹni tó ń ti ojú oorun jí.

"Veronica, ta ni obìnrin tó jókòó ní pálọ̀ wọn yẹn, tó wọ aṣọ mi?"

 Veronica rántí odò. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, odò rèé, Ìyá, a ń kọjá. Ó la ẹnu, ohùn kankan kò jáde, táyà ọkọ̀ sì ti gun orí afárá.